Ohun tí Oṣù Bá Mú Wá: Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ Ọdún

Láti ìgbà tí a ti kéde pé oúnjẹ ọdún ni ojú ewé yìí yóò dá lé lórí, lẹ́tà tí ó ti wọlé láti Iléṣà, Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ìlú tí ó wà láàárín méjèèjì kò kéré. A mú mẹ́rin nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tí arábìnrin náà ń bèèrè ni ó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú ní gbogbo ìparí ọdún.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ń gbé, ọkọ mi sì ni àkọ́bí màmá rẹ̀. Ilé wa ni gbogbo ẹbí máa ń péjọ sí láti ìgbà Iwúdè, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, títí di ọdún tuntun, àwọn tí ó wà ní Èkó àti Àbújá náà yóò sì wálé. Lọ́dọọdún, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni à ń jẹ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì àti adìyẹ ni ti ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ gbé oúnjẹ mìíràn kalẹ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n màmá ní ọdún tí kò bá ti sí iyán nínú rẹ̀ kì í ṣe ọdún. N kò fẹ́ kí ó jọ pé mo ń bá wọn díje nínú ilé ìdáná. Báwo ni kí n ṣe é? — Ìyàwó ilé, Òkèsà, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ má ṣe yọ iyán kúrò. Mo wà lẹ́yìn màmá lórí èyí pátápátá, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà nìkan. Àwọn baba wa ti to oúnjẹ bí ó ṣe ga ju ara wọn lọ: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Bí ìlú kan bá wà tí kò ní gbà kí wọ́n tún un tò, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Yàtọ̀ sí èyí, oṣù Kejìlá gan-an ni iyán máa ń dùn jù. Iṣu tí wọ́n wà ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ ti gbó, omi ara rẹ̀ ti fà, kì í ṣe kókó nínú odó, ó sì ń fà bí ó ti yẹ kí iyán fà. Ọmọ tí ó wọkọ̀ láti Èkó wá lo ọjọ́ díẹ̀ nílé, ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń lọ sí lójú ọ̀nà nìyẹn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò, kí èyí tí ẹ óò fi kún un sì jẹ́ ohun tí oṣù náà fúnra rẹ̀ mú wá. Oúnjẹ tuntun tí a bá fi ohun tí ó pọ̀ lọ́jà sè kì í náni lówó púpọ̀, kì í sì í jọ àṣejù lójú àgbà. Bí ẹ bá wọ ọjà Atákúmọ́sà nínú oṣù Kejìlá, ẹ óò rí i pé ewùrà ti jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í yà sí ìdí rẹ̀, nítorí pé kò ṣe é gún bí iṣu gidi, a sì ti fi odó wọn gbogbo ohun tí ó ń jẹ́ iṣu. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjẹ̀bú ti mọ iyì ewùrà láti ọjọ́ pípẹ́: wọ́n ń fi se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n sì ń fi dín òjòjò. Òjòjò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìpanu ni, kò bá iyán du àyè, ó sì lè dé ọwọ́ àwọn ọmọ ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí ebi ti ń pa wọ́n tí iṣu ṣì wà lórí iná.

Ẹ fi epo díẹ̀ pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ ewùrà náà, nítorí pé ó máa ń yún ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rin ín lójú gírétà tí ihò rẹ̀ kéré, kí ẹ wá gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú ata rodo gígún àti iyọ̀. Ẹ má bu omi sí i rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́: ewùrà ní omi tirẹ̀, yíyọ̀ tí ó ń yọ̀ ni ó sì ń dì í mú nínú òróró. Ẹ fi ọwọ́ lù ú nínú abọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí a ṣe ń lu ẹ̀wà àkàrà, títí yóò fi fúyẹ́. Ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa, ẹ máa fi ṣíbí bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó má kún inú agbada jù, torí bí ó bá kún jù, òróró yóò tutù, òjòjò yóò sì mu ún. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ yí i padà. Ẹ ya ọ̀kan sí méjì wò: bí àárín rẹ̀ bá ṣì ń yọ̀, kò tíì jinná, bí òde rẹ̀ bá le díẹ̀ tí inú rẹ̀ sì rọ̀, ẹ kó o kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lọ́jọ́ Sátidé kan ṣáájú ọdún, kí ẹ sì bẹ màmá kí wọ́n jókòó tì yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ata rẹ̀ tó. Èmi kò sọ èyí kí ẹ lè fi tan wọ́n o. Àgbà tí ó ti ń dáná ọdún láti ọjọ́ tó ti pẹ́ mọ ìgbà tí òróró gbóná kí ẹnikẹ́ni tó ju àlùbọ́sà sí i, ẹ sì nílò ojú yẹn gidigidi nígbà tí ẹ bá ń ṣe ohun tí ẹ kò ṣe rí. Bí ó bá di ọjọ́ ọdún tí àlejò kan bèèrè pé kí ni èyí, màmá ni yóò dá a lóhùn, nítorí pé ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n tí mo rí nínú lẹ́tà yín: ó jọ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń ṣe gbogbo rẹ̀. Gbígún iyán fún odindi ẹbí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin kan. Àwọn tí ó dàgbà nínú agboolé ńlá rántí bí ọmọ odó méjì, mẹ́ta ṣe ń bọ́ sínú odó kan náà tẹ̀léra tẹ̀léra, tí kò sì sí ẹni tí apá rẹ̀ le tí wọ́n jẹ́ kí ó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pe àwọn àbúrò rẹ̀, kí ó pín iṣẹ́ fún wọn ní orúkọ: ẹni tí yóò mú ẹran wá, ẹni tí yóò ra ewùrà àti òróró, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí yóò gún iyán. Ọkọ yín ni kí ó sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin, nítorí pé àṣẹ ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò gbọ́ láìjanpata. Bí ẹnìkan bá ní owó ni òun yóò fi ránṣẹ́, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá dé, ẹ gbé iṣu àti ọ̀bẹ síwájú rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹni tí ó bẹ iṣu kì í dúró kí wọ́n máa bù fún òun bí àlejò.

Ìbéèrè: Nínú ìdílé wa ní Ilé-Ifẹ̀, Mùsùlùmí ni àwọn kan, onígbàgbọ́ ni àwọn yòókù. Èmi ni mo ń pa àgbò Iléyá. Ọ̀rọ̀ pínpín ẹran máa ń dá ìkùnsínú sílẹ̀, àwọn ìyàwó wa sì ní ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ti sú àwọn. Kí ni a tún lè fi ẹran náà sè tí ó bá àsìkò mu? — Alájì, Ìlárè, Ilé-Ifẹ̀.

Ìdáhùn: Alájì wa, ẹ kú ìnáwó ọdún. Ohun tí àwọn ààfáà ń kọ́ wa ni pé kí a pín ẹran ọdún sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, àti ti àwọn aláìní. Inú ìpín kejì ni àwọn ọmọ ìyá yín tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ wà, kì í ṣe ojú àánú ni kí a fi wò wọ́n. Lójú tèmi, ìwọ̀n ẹran kọ́ ni ó sábà máa ń fa ìkùnsínú, àkókò tí ó dé ọwọ́ ènìyàn ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yóò gbà pé ohun tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹ pín in lójú gbogbo ẹni tí ó bá wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ sì gbé ti ẹbí jáde kí ìkòkò tiyín tó ho.

Ní ti àsìkò, òṣùpá ni a fi ń ka Iléyá, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ni ó bọ́ sí ní 2023, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ní 2025, ó sì ti ń sún wọ inú oṣù Karùn-ún báyìí. Ní àkókò yẹn, iṣu tuntun kò tíì jáde, iṣu àtijọ́ sì ti wọ́n, ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀, ẹ̀fọ́ sì ti bo ilẹ̀. Ẹ wá wọ̀rọ̀wọ́ lọ, èyí tí ó ń hù lábẹ́ igi kòkó ní agbègbè wa yìí. Kí àwọn ìyàwó yín se ẹran àgbò náà pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀ títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n fi epo pupa dín ata àti irú, kí wọ́n da ẹran sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ̀rọ̀wọ́ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti gé wọlé kẹ́yìn. Ewé náà kì í fẹ́ iná púpọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó o. Ẹ̀kọ tútù ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Ọ̀rá ẹran àgbò pọ̀, ìtutù ẹ̀kọ sì ń gé e lẹ́nu ju bí ìrẹsì ṣe lè gé e lọ.

Ìbéèrè: Iṣu tuntun tí mo gún ní oṣù Kẹjọ nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ mi wá lo ìsinmi ṣe kókó, ó sì tún rọ̀ jù. Ṣé iṣu náà ni kò dára? — Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀ṣu.

Ìdáhùn: Rárá o, ìyá wa, iṣu náà kò ní àbùkù. Omi ni ó ṣì pọ̀ lára rẹ̀, kò sì tíì gbó tó ohun tí à ń gún. Ẹ fi se àsáró, ẹ sun ún kí ẹ sì fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, kí ẹ fi ti iyán sílẹ̀ títí òjò yóò fi dá.

Níwọ̀n bí àwọn ọmọ ti wà lọ́dọ̀ yín ní ìgbà àgbàdo, àbàrí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ wọn. Ẹ fi èékánná tẹ hóró àgbàdo tútù náà kí ẹ tó rà á: bí omi rẹ̀ bá tú jáde ṣàn bíi wàrà, ó kéré jù, kò ní dì, bí ohun tí ó jáde bá ki, ó ti tó. Ẹ rẹ́ hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà láìbu omi púpọ̀, ẹ fi epo pupa, iyọ̀ àti edé lílọ̀ po ó, kí ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran, kí ẹ sì se é bíi mọ́ínmọ́ín. Iṣẹ́ kíkó hóró kúrò lára ṣùkù àti nínù ewé jẹ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe. Ọmọ tí ó bá sì pọ́n ewé tirẹ̀ yóò fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìkòkò, kò sì ní dá a padà láìjẹ ẹ́ tán.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn ọdún, ìrẹsì máa ń ṣẹ́ kù nínú ìkòkò ńlá. Ṣé bí a bá ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ bí a ṣe ń ṣe ọbẹ̀, kò ní bàjẹ́? — Tọkọtaya tuntun, Modákẹ́kẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Kòkòrò àrùn kan wà tí èso rẹ̀ kì í kú nígbà tí a bá se ìrẹsì. Bí ìrẹsì bá wà ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu májèlé tí gbígbé kaná kò lè pa. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì tí kò tíì rùn fi lè mú kí ènìyàn máa bì. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta, kí ó má tó bẹ́ẹ̀ pàápàá bí ooru bá mú. Ẹ má gbé ìkòkò ńlá odindi sínú fíríìjì, nítorí pé àárín rẹ̀ kò ní tètè tutù. Ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ tí kò jìn. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì: bí ẹ kò bá ṣí i, ó lè mú oúnjẹ tutù fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Firísà tí ó kún lè mú un dé wákàtí 48.

Èyí tí ó dára jù ni pé kí ó má ṣẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ike onídèérí sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì bu ti àwọn ará ilé kejì fún wọn nígbà tí ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ní ti ẹni tí ó ń padà sí Èkó, ẹ má di ìrẹsì sísè fún un. Èlùbọ́, irú àti ewùrà tútù kan ni kí ẹ dì sínú àpò rẹ̀.