Ṣé ọkọ̀ ojú irin dé Àgbádárìgì rí?

Rárá o, kò dé ibẹ̀ rí. Orí ọ̀sà ni ẹrù Àgbádárìgì ń gbà lọ sí Èkó láyé àtijọ́. Ẹ̀ka ojú irin àtijọ́ tó yà ní Ìfọ̀, tó gba Ìlaró, Ìdógò ló parí sí, nílẹ̀ Yewa.

Bí ẹ bá rí irin tó kù nínú koríko níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u tà. Ẹ wọ̀n ọ́n láti etí inú irin kan sí etí inú èkejì: mìlímítà 1,067 ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀, bíi ti ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901. Tẹ́ẹ bá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀yìn irin, yóò lé. Ti tuntun tó lọ sí Ìbàdàn jẹ́ 1,435, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ rẹ̀ kò fi lè gun ti àtijọ́.