Ọ̀rẹ́ mi ń gbéyàwó lábúlé, ṣé kí n lọ?

Ìbéèrè: Àsàláàmù àlékùm, Ààfáà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ gbéyàwó ní abúlé àwọn ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn Ṣakí. Onígbàgbọ́ ni, òun ló sì máa ń di iṣẹ́ mi mú bí mo bá lọ kí Jímọ́ọ̀. Láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ṣe ìdána, wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá jẹun nínú ọgbà ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ọtí máa wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ní kí n ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀gbọ́n kan ní mọ́sáláásí wa sọ pé bí mo bá lọ, mo ti bá wọn pín nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ṣé kí n lọ? Kí ni mo lè jẹ níbẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa ṣe ìrun mi?

Ìdáhùn: Wàálékùm sàláàm, arákùnrin mi. Ẹ lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú gbogbo àlàyé, nítorí mo mọ iye ọ̀rẹ́ àti ẹbí tí irú ìbẹ̀rù báyìí ti yà nípá ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọmọ ìyá kan ti ń lọ sí mọ́sáláásí tí èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú Súrà Al-Mumtahanah, ẹsẹ 8, Ọlọ́hun sọ pé Òun kò kọ̀ fún wa láti ṣe rere sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn, tí wọn kò sì lé wa kúrò nínú ilé wa, kí a sì ṣe déédéé sí wọn. Ẹni tó ń di iṣẹ́ yín mú kí ẹ lè rí Jímọ́ọ̀ kì í ṣe ẹni tó ń bá yín jà. Ká ní Mùsùlùmí ni, ẹ̀tọ́ ni ìpè rẹ̀ ì bá jẹ́ lọ́rùn yín, nítorí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka jíjẹ́ ìpè mọ́ ẹ̀tọ́ márùn-ún tí Mùsùlùmí ní lára Mùsùlùmí. Ti onígbàgbọ́ kò di dandan, ṣùgbọ́n ó tọ́, inú rere sì ni. Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ ire fún yín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọjọ́ náà ló wà.

Ẹ bá wọn ṣe ìdána láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkíni àwọn àna ni. Ìsìn inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ní kí ẹ dúró síta fún. Ohùn àwọn onímọ̀ kò ṣọ̀kan lórí wíwọ ilé ìjọsìn wọn lásán, ṣùgbọ́n bíbá wọn ṣe ìjọsìn náà kò tọ́ sí wa, ẹni tó bá sì jókòó sáàárín wọn máa bá wọn dìde, á bá wọn wólẹ̀, kí ó tó mọ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ èyí fún ọ̀rẹ́ yín kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá wá yín tì láàárín èrò lọ́jọ́ náà, ó lè dùn ún.

Ní ti ọtí, Jābir, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, gbà á wá pé Ànábì ní kí ẹni tó gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ má ṣe jókòó síbi tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri. Tábìlì ni hádíìsì náà mẹ́nu bà. Mùsùlùmí pọ̀ ní Òkè-Ògùn, agbègbè tí Ṣakí wà. Ẹ béèrè ibi tí àwọn àgbà Mùsùlùmí ìlú jókòó sí, kí ẹ lọ bá wọn. Bí igò bá ti gba gbogbo ibẹ̀, ẹ kí ọkọ àti ìyàwó, kí ẹ gbé oúnjẹ yín lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan.

Ẹran tí onígbàgbọ́ pa kì í ṣe èèwọ̀, Súrà Al-Mā'idah, ẹsẹ 5 ti sọ ọ́. Lọ́pọ̀ òde wọn pàápàá, alápatà Mùsùlùmí ni wọ́n máa ń pè kí gbogbo ènìyàn lè jẹ. Ẹ má máa ká àwọn tó ń se oúnjẹ lọ́wọ́ kò pẹ̀lú ìbéèrè. Àwọn kan sọ fún Ànábì pé ènìyàn ń gbé ẹran wá fún àwọn, àwọn kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i. Ó ní kí wọ́n ṣe Bísímílà, kí wọ́n jẹ ẹ́. Àìṣá ló gbà á wá. Èyí tí ẹ bá mọ̀ dájú pé ojúbọ ni wọ́n ti pa á, ẹ fi sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ìrun. Lọ́pọ̀ ìgbà, Mùsùlùmí tó lọ sóde ìyàwó kò ní mu ọtí, kò ní jẹ èèwọ̀, Àìlà àti Aláásárì ló máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí ẹ ń lọ jìn ju máìlì 48 lọ, ìyẹn bíi 80 kìlómítà, tí àwọn onímọ̀ mádhábù Mālik, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀ lé níbí, kà sí ìrìnàjò. Ìrun onírìnàjò, èyí tí a dín kù, ti tọ́ sí yín nìyẹn, bó ṣe wà nínú Súrà An-Nisā', ẹsẹ 101. Ya'lā ọmọ Umayyah bi Umar pé ìgbà ìbẹ̀rù ni ẹsẹ yìí ń sọ, ọkàn àwọn ènìyàn sì ti balẹ̀ báyìí, kí ló dé tí a ṣì ń dín ìrun kù? Umar ní ó ya òun náà lẹ́nu, òun sì bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó sì dáhùn pé: “Sàráà tí Ọlọ́hun ṣe fún yín ni, ẹ gba sàráà Rẹ̀.” Ẹ gbà á, arákùnrin mi.

Ẹ kí Súbúhì nílé. Bí ẹ bá ti fi ilé tó gbẹ̀yìn ní Ìbàdàn sílẹ̀, Àìlà di ráká méjì, Aláásárì méjì, Ìṣáì méjì. Mògàríbì kò yí padà, mẹ́ta náà ni. Ẹ lè pa Àìlà àti Aláásárì pọ̀ ní àsìkò ọ̀kan nínú méjèèjì, bí Mu'ādh ṣe sọ pé Ànábì ṣe nígbà ogun Tabūk. Bí ẹ bá kírun lẹ́yìn Ìmáàmù abúlé, ẹ kí i pé bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi yín ṣíwájú, ẹ ti sọ fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé onírìnàjò ni yín, pé lẹ́yìn ráká méjì ẹ máa sálámà, kí wọ́n dìde parí tiwọn. Ẹ gbé kẹ́tùlù àti ẹní ìrun sínú mọ́tò. Àsìkò tí wọ́n bá ń kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń ya fọ́tò, máa ń tó fún àlùwàlá dáadáa.

Aṣọ ẹbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ yá owó. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fẹ́ Sàfíyà, lójú ọ̀nà Khaybar sí Mẹ̀dínà, ẹní awọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí wàrà ni àwọn àlejò jẹ. Anas sọ pé kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran. Òde ìyàwó Ànábì nìyẹn, nínú oko. Owó tí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọkọ ìyàwó níwájú orí, ẹ fi sínú àpòówé kí ẹ fi lé e lọ́wọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 pàápàá kọ̀ kí a máa ná náírà lójú agbo.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí ní òde abúlé. Wọ́n á kó ìrẹsì àti ẹran fún àwa tí a ti ìgboro wá lábẹ́ kánópì, àwọn ọmọ abúlé á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa wò wá. Ànábì ní oúnjẹ tó burú jù ni ti òde ìyàwó tí a pe olówó sí tí a fi tálákà sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni òde, ṣùgbọ́n àwo tó wà níwájú yín, tiyín ni. Ẹ pe ọmọ méjì kí ẹ jọ jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ ṣe àdúà fún wọn pé kí Ọlọ́hun fún wọn ní ìfẹ́, ọmọ rere àti ìmọ̀nà, kí ẹ sì dìde. Súrà Al-Ahzāb, ẹsẹ 53, ní kí ẹni tó bá jẹun tán túká. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ sùn síbẹ̀, ìrun onírìnàjò náà ni ẹ ṣì ń kí, àyàfi bí ẹ bá gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, bí ilé Ìbàdàn bá ti bẹ̀rẹ̀, ìrun yòówù tí àsìkò rẹ̀ bá wọlé, pípé ni kí ẹ kí i. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.