Báwo ni mo ṣe lè bo NIN inú Excel kí n tó fi orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kubwa ránṣẹ́?
Díjíìtì 11 ni NIN. Mẹ́rin ìkẹyìn nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó hàn. Tó bá wà ní B2, ẹ kọ ="*"&RIGHT(B2,4) sí C2, kẹ́ ẹ fà á dé ìsàlẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á pa kọ́lọ́ọ̀mù B rẹ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo C á sì di #REF!. Ẹ kọ́kọ́ kọ́pì C, ẹ lọ sí Paste Special, ẹ mú Values, ẹ wá pa B rẹ́. Ẹ má fi Hide tan ara yín jẹ o, Unhide lásán ló máa tú u síta. Save As ni kẹ́ ẹ lò, torí akọ̀wé ṣì nílò ojúlówó fáìlì. BVN náà, díjíìtì 11 ni, fọ́múlà kan náà ló gbà.