Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ṣé kí n pe nọ́ńbà tó wà lójú fóònù yìí?

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ àǹkárá ni mò ń tà, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi wà. Nígbà tí fóònù mi àtijọ́ kú, àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Adúmáadán, sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ ta iPhone X, London use, pé owó ilé ló fẹ́ fi san. ₦170,000. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni mo fi rà á, àkáǹtì Adúmáadán ni mo sì san án sí. Fóònù náà mọ́, fọ́tò rẹ̀ ń dán. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kì mí nílọ̀ ni pé n kò gbọdọ̀ “update” rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ “reset” rẹ̀, pé yóò bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà, tó mọ password mi, ń ṣeré lórí rẹ̀, ó sì tẹ “update”. Nígbà tó tan padà, kò ṣí mọ́. Ó ń béèrè email ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé fóònù yìí sọnù, kí ẹni tó bá rí i jọ̀ọ́ pe nọ́ńbà kan. Ẹnjiníà kan ní Ìwó Road ní òun á gba ₦25,000 kí òun bá mi ṣe é, kí n wá tètè tà á. Ọkọ mi fara mọ́ ọn. Ó ní bí mo bá pe nọ́ńbà yẹn, ọlọ́pàá ni mo fẹ́ fi mú àbúrò òun. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ mẹ́rin. Kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn

Ìyàwó Ilé, ọmọ mi,

Pe nọ́ńbà náà. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà yìí, torí mo mọ ara mi, ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn. Ṣùgbọ́n má pè é lónìí, má sì dá pè é.

Ṣáájú ohun gbogbo, lọ fa ọmọ yẹn mọ́ra. Bí o ṣe kọ lẹ́tà rẹ, ó jọ pé ẹ ti fi ìyà jẹ ẹ́. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Bóyá òun nìkan ló ṣe ọ́ lóore nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 2013 ni Apple ti fi kọ́kọ́rọ́ kan sínú iPhone. Ẹni tó bá fi email rẹ̀ wọlé sórí fóònù, tó sì tan Find My (ohun tí wọ́n fi ń wá fóònù tó bá sọnù), òun ni Apple ń dá mọ̀ ní olówó rẹ̀. Olè lè pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó mọ́ féfé bí ti inú páálí. Bó bá ti ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, email àti password olówó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. (Àwọn Android náà ní irú tiwọn, Google ló ń béèrè níbẹ̀.) Àwọn ọmọ iṣẹ́ wá wá ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní “bypass”. Àwọn iPhone àtijọ́, títí dé orí X tìrẹ yẹn, ní àlàfo kan nínú chip wọn tí Apple kò lè fi update dí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọn kò ṣí ilẹ̀kùn o, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà. Ìwọ ti ń gbé nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ò ń dáná, ò ń gbàlejò, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì látìgbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ onílé. Update ló gbé ọ padà síta, síwájú ilẹ̀kùn.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà rẹ nìyẹn, pé wọ́n ní kí o má ṣe update, o sì gbà á bí ìmọ̀ràn. Bí ẹnì kan bá ta ewúrẹ́ fún ọ, tó ní kí o so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kó má jáde kí ará àdúgbò má baà rí i, ṣé o ò ní bi í pé níbo ló ti rà á? Wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún ọ kí o tó sanwó, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín o. Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ti ra fùfú rí. Ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, bí ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣọ́dì, ọmọkùnrin kan gbé Nokia lé mi lọ́wọ́. Mo fi pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, a tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Mo ka owó fún un. Òjò ń ṣú, ó ní kí òun bá mi fi nylon wé e kó má baà tutù. Ọmọlúwàbí, mo rò bẹ́ẹ̀ nínú mi. Inú dáńfó ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn, mo rò pé ti ìyá tó jókòó tì mí ni, mo tilẹ̀ yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo délé, tí mo tú nylon, tí mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, fùfú ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè wúwo dáadáa. Ojú àtàǹpàkò náà ṣì hàn lára rẹ̀.

Ṣé o rí ti ìgbà yẹn, owó mi ni mo pàdánù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí ní ẹni kẹta nínú. Ẹnì kan wà níbì kan tí wọ́n já fóònù yìí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lórí ọ̀kadà bóyá, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀ ní ọjà. Ó sì jókòó kọ ọ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí”.

Ó yẹ kí o mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn ọ́ fúnra rẹ. Gbogbo fóònù ló ní nọ́ńbà IMEI tirẹ̀, ẹyọ 15. Tẹ *#06# sórí fóònù èyíkéyìí, wàá rí i. Gbogbo ìgbà tí sìíìmù rẹ wà nínú fóònù yìí, IMEI rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ ń jọ hàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, nọ́ńbà rẹ sì ti so mọ́ NIN rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bí olówó rẹ̀ bá ti fẹjọ́ sùn, ta ni o rò pé wọ́n á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ìwọ ni o. Ọ̀rẹ́ Adúmáadán, tí o ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi, ń jẹun lọ níbi tó wà.

Òfin ìwà ọ̀daràn lọ́dọ̀ wa ń fìyà jẹ ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Lọ́jọ́ tí o rà á, o ò mọ̀, mo gbà ọ́ gbọ́. Ní báyìí, o ti fi ojú ara rẹ kà á. Bí o bá san ₦25,000 fún ẹnjiníà Ìwó Road kó tún gba ojú fèrèsé wọlé, tí o wá tà á fún ìyá ọlọ́mọ mìíràn, ṣé wàá kìlọ̀ fún òun náà pé kó má ṣe update? Ìwọ ni wàá di Adúmáadán tirẹ̀.

Ọkọ rẹ ńkọ́? Tún lẹ́tà tí o kọ sí mi kà. Ọkọ rẹ ò sọ pé àbúrò òun ò lè ṣe irú ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ọlọ́pàá á mú un. Ìyẹn jẹ́ kí n ronú díẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà tí o kọ kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan: o ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ta fóònù, ṣùgbọ́n àkáǹtì Adúmáadán ni owó wọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun náà ni wọ́n fi ṣe aṣojú láìmọ̀. Ó tún lè jẹ́ pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbì kan. Èyí ó wù kó jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lo kówó lé, òun náà ló máa kó o padà.

Mo mọ ìdí tí o kò fi béèrè rìsíìtì. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ ni. Báwo lo ṣe fẹ́ jókòó ti ọkọ rẹ kékeré, kí o ní kó mú páálí wá, kó mú rìsíìtì wá, kó pa gbogbo ohun inú fóònù náà rẹ́ lójú rẹ kí o tó sanwó? Wọ́n á ní ìyàwó yìí ò fọkàn tán wa. Èmi náà ò bá má lè sọ ọ́. Ọjà àjèjì là ń yẹ̀ wò, ti ará ilé, a kàn ń kí i kú iṣẹ́ ni. Ojú tó tì ọ́ lọ́jọ́ náà ti gba ₦170,000 lọ́wọ́ rẹ, má jẹ́ kó tún ti ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Yọ sìíìmù rẹ kúrò nínú fóònù náà lónìí. Bí app báńkì rẹ bá wà nínú rẹ̀, lọ sí báńkì kí wọ́n já a kúrò lórí fóònù náà, kí o sì gba ìwé àkáǹtì tó fi hàn pé o san ₦170,000, ọjọ́ tí o san án àti orúkọ ẹni tó gbà á. Fi fóònù mìíràn ya fọ́tò ojú iPhone náà bó ṣe wà. Lálẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, sọ fún ọkọ rẹ jẹ́jẹ́ pé o ò ní tà á. Má bá a jà. Sọ fún un pé ẹ máa jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí Adúmáadán bá yín níbẹ̀. Níwájú ìyá rẹ̀, kó dárúkọ ọ̀rẹ́ náà ní kíkún, kó sọ ibi tó ń gbé àti ibi tó ti rí fóònù. Ìyá tó bí wọn mọ irú ọmọ tí òun bí, má ṣàlàyé púpọ̀, gbé fóònù náà síwájú rẹ̀ kó kà á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ́yà. Bí kò bá sówó, Legal Aid Council wà fún irú yín. Ọ́fíìsì lọ́yà ni kí ẹ ti pe nọ́ńbà náà, ní ọ̀sán gangan. Sọ pé o ra fóònù náà, pé ìwé owó tí o san wà lọ́wọ́ rẹ, pé o fẹ́ dá a padà. Má bẹ̀bẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, má sì gbà kí wọ́n ní kí o gbé e wá sí ibi tí o kò mọ̀. Bí lọ́yà bá ní tẹ́ṣàn ló yẹ kí ẹ ti fà á lé ọwọ́ ara yín, òun ni kó ṣáájú yín lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé olówó rẹ̀ gan-an ló wá? Wo ojú fóònù náà. Wàá rí lẹ́tà àkọ́kọ́ email olówó rẹ̀, àmì tó-tò-tó ni wọ́n fi bo ìyókù. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tẹ email náà tán, kó tẹ password rẹ̀. Bó bá ṣí, tirẹ̀ ni. Jẹ́ kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ, torí fọ́tò àwọn ọmọ rẹ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé o ti dá a padà, kí IMEI wà nínú ìwé náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ó ṣeé ṣe kó bínú sí ọ. Ó sì ṣeé ṣe kó sunkún, torí nígbà mìíràn, fọ́tò òkú ìyá ẹni ló wà nínú fóònù. Ìwọ ṣáà jókòó.

Ní ti fóònù tí o máa rà tẹ̀lé e, n kò ní kí o má ra àlòkù. Àlòkù ni èmi náà fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀bù tó ní àdírẹ́sì ni kí o lọ, tí wọ́n á kọ IMEI sórí rìsíìtì, tí wọ́n á sì fún ọ ní ọjọ́ díẹ̀ láti fi dán an wò. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí o fi ọwọ́ ara rẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú email tìrẹ. Bó bá ń béèrè ti ẹlòmíràn, dìde. Fi sìíìmù rẹ sí i, pè, kí wọ́n pè ọ́. Bí bátìrì iPhone bá ti wà lábẹ́ ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, bátìrì ti gbó nìyẹn, jẹ́ kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ẹni tó bá sì ní kí o má ṣe update, kí i pé ó dàárọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì fún ìpè, kí o sì bẹ ọkọ rẹ kó jẹ́ kí o máa fi fóònù tirẹ̀ gbé àǹkárá rẹ sórí WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò ní kọ̀, nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí ti mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ dé, kọ̀wé sí mi padà. Mo fẹ́ mọ orúkọ tí Adúmáadán dá.

Èmi ni tìrẹ,
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́