Èsì: Ṣé àìrí oorun sùn lè fa ìwòsàn jẹjẹrẹ sẹ́yìn?

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá yín o. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba chemo, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ojú wọn kì í padé lóru, ẹ sì ń bèèrè bóyá ó lè dí ìwòsàn wọn lọ́wọ́.

Oorun kì í pa jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá sùn wọra ni ara ń ráyè tún ara rẹ̀ ṣe, tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ sì ń gbára dì. Ẹni tí kò sùn tó máa ń tètè kó òtútù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pàápàá lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lára rẹ̀.

Oògùn wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Dexamethasone, tí wọ́n sábà máa ń fi kún chemo nítorí èébì, máa ń lé oorun lọ. Ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ni kí wọ́n máa lò ó. Bó bá jẹ́ ìrora tàbí ooru òjijì ló ń jí wọn, ẹ sọ ọ́, ó ní ìtọ́jú.

Kí oorun ọ̀sán má ju 30 ìṣẹ́jú lọ. Kí wọ́n máa jí ní àkókò kan náà, kí wọ́n sì rìn díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, bí agbára wọn bá ṣe mọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá oògùn oorun rà fún wọn. Ẹ bèèrè nípa CBT-I, ìtọ́jú tí kò ní oògùn nínú, tó ń tún àṣà sísùn ṣe.