Ṣé gàrí Ìjẹ̀bú lè mú ẹsẹ̀ ọmọ mi kú?

Ẹ kú ilé o. Lọ́ńdọ̀nù la wà, Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá àwọn ọmọ ti wá. Olùkọ́ ọmọbìnrin mi ní kí kálukú wọn wá àìsàn kan tó ṣàjèjì. Ó wá kà pé àwọn ará ìlú kan ní Ìjẹ̀bú jẹ gàrí títí ẹsẹ̀ wọn fi kú, tí ojú wọn sì ṣú. Kò fọwọ́ kan gàrí tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n dà á nù ni?
Ìyá Tèmi

Ìyá Tèmi, ẹ má dà á nù o. Ọmọ yín ò sì parọ́. Ososa ni ìlú náà, ìlú Hubert Ògúǹdé, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn àgbàlagbà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí àwọn mìíràn ò ríran, tí àwọn mìíràn ò gbọ́ràn dáadáa. Sáyánáìdì, májèlé kan tó wà nínú pákí, ló fura sí. Àwọn dókítà tó padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn náà ò rí ẹ̀rí tó dájú pé òun ló fà á.

Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, ìdí agbada ni mo dàgbà sí. Bí a bá ti rin pákí, májèlé inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. A ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà míì márùn-ún, omi tó ń kán á gbé díẹ̀ lọ. Bó bá dé orí iná, sáyánáìdì á fò lọ, torí ooru tó tó ìwọ̀n 26 Celsius péré ti ń sọ ọ́ di gáàsì. Kíkan tí gàrí Ìjẹ̀bú ń kan, ẹ̀rí pé ó pẹ́ lápò ni. Ẹni tó rin ín lónìí tó yan án lónìí ni kí ẹ bẹ̀rù.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ara á sọ ọ́ di ohun tí a ó tọ̀ dànù, ṣùgbọ́n èròjà imí-ọjọ́ (sulphur) ló fi ń ṣiṣẹ́ náà, inú ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà la sì ti ń rí i. Ìyẹn ló wú mi lórí jù: ẹ̀pà àti ẹja díndín tí àwọn ìyá wa ń gbé ti abọ́ gàrí! Ẹni tó ń jẹ gàrí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí kò rí wọn jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ọmọ tèmi náà bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ níbí ní Dublin. Mo da ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ sí abọ́ rẹ̀, mo sọ iṣẹ́ tí ẹ̀pà ń ṣe fún un. Ó kà á lẹ́yọ lẹ́yọ kó tó jẹ ẹ́.