CALL kan, èsì mẹ́rin: kó gbogbo rẹ̀ tán kó o tó béèrè òmíràn

Okun o, àbúrò mi ní Kàbà. O ní SELECT mẹ́ta (àṣẹ tó ń mú dátà wá) ló wà nínú stored procedure rẹ (àkójọ àṣẹ tí a tọ́jú sínú dátábéèsì), àkọ́kọ́ nìkan ló ń yọ lójú ìwé PHP, bó o bá sì tún bi dátábéèsì ní nǹkan mìíràn, á ní "Commands out of sync, you can't run this command now". Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni nǹkan yìí fi fojú mi rí màbo ní Ìsánlú.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń dá àjọ ló gbéṣẹ́ fún mi. SELECT kìíní ń mú orúkọ wá, èkejì owó tí wọ́n dá lóṣooṣù, ẹ̀kẹta owó tí wọ́n yá. Orúkọ yọ, ìyókù funfun báláú. Ìyá kan na káàdì rẹ̀ sí mi, epo pupa ti ràn ní etí rẹ̀, àmì oṣù mọ́kànlá pé síbẹ̀ ní bírò búlúù. Lójú fóònù mi, kò dá kọ́bọ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí ni.

Wọ́n bá pe ọ̀gá kan wá láti Lọ́kọ́ja, ẹni tí wọ́n ní ó mọ kọ̀ǹpútà dójú àmì. Ó rí 2014 lára àṣìṣe náà, ó ní dátábéèsì wa ti ọdún 2014 ni, ó ti gbó, ká ra sáfà tuntun. A rà á. Àṣìṣe ò kúrò. 2014 kì í ṣe ọdún o! Nọ́ńbà tí MySQL, dátábéèsì tí à ń lò, fún àṣìṣe yẹn gan-an ni. Owó àwọn tó ń ta gààrí ló fi ṣòfò, kò sì padà wá wò ó. Ó ṣì ń dùn mí.

Bó ṣe rí nìyí. Bó o bá ti CALL procedure, ìyẹn ni pé o pè é kó ṣiṣẹ́, MySQL á máa to èsì ránṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan lórí ìsopọ̀ kan náà, kò sì ní gbọ́ ìbéèrè míì títí wàá fi kó wọn tán. Ibi tó pa mí lára jù ni pé SELECT mẹ́ta kì í ṣe èsì mẹ́ta. Mẹ́rin ni. CALL máa ń fi ọ̀kan tí kò ní ìlà kankan sẹ́yìn, láti sọ pé òun ti parí. Mo kó mẹ́ta, mo dúró, àṣìṣe tún dé. Mo tún un kọ, mo tún kó mẹ́ta. Òru mẹ́rin ni mo fi bẹ́ẹ̀ sùn sídìí jẹnẹrétọ̀. Kódà procedure tó ní SELECT kan ṣoṣo á ṣe é fún ọ.

$db->multi_query("CALL iwe_omo_egbe(17)");
do {
  if ($r = $db->store_result()) {
    $esi[] = $r->fetch_all(MYSQLI_ASSOC);
    $r->free();
  }
} while ($db->next_result());

$esi[0] ni orúkọ, $esi[1] owó tí wọ́n dá, $esi[2] owó tí wọ́n yá. Ìyẹn ò le.

Jọ̀ọ́, má ṣe lẹ ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù mọ́ CALL yẹn láéláé. multi_query ń gba àṣẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni lè fi DROP TABLE, àṣẹ tó ń pa tábìlì rẹ́, tẹ̀ lé e. Lo prepare, tó ń ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí èèyàn tẹ̀, kó o wá máa pe get_result() àti next_result() lórí $stmt tó bá dá padà. Bó bá jẹ́ PDO, ọ̀nà mìíràn tí PHP fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, lo fẹ́, nextRowset() ni. Kó o fo èyí tí columnCount() rẹ̀ bá jẹ́ 0, ìyẹn èsì ìparí tí kò ní ìlà yẹn.

Bí PHP rẹ bá kéré sí 8.1, wo $db->errno lẹ́yìn tí lúùpù bá parí. Bí SELECT kejì bá kùnà, next_result() á dá false padà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti tán, ojú ìwé á sì ṣófo láìsọ nǹkan kan. Bí ti ìyá yẹn ṣe ṣófo gan-an nìyẹn. Láti 8.1 ló ti ń pariwo fúnra rẹ̀.